Wọ́n Ní Mo Tẹ Nǹkan

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú tó tún bí mi ju báyìí lọ: mi ò tẹ nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni kò da oògùn sílẹ̀ dè mí lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ mi. Ẹsẹ̀ méjì tí mo ń wọ́ kiri yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi po ohun tó bà wọ́n jẹ́. Mo mọ ọjọ́ tí mo pò ó, mo sì mọ irú ẹ̀wà tí mo pò ó mọ́.

Ẹ̀wà ni mo ń tà. Ó ti lé ní ọdún méjìdínlógún tí mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Àbújá, ìlà àwọn elẹ́wà ni mo sì wà láti ìgbà náà, nínú ọjà kan tí mi ò ní dárúkọ, nítorí pé àwọn èèyàn rere náà wà níbẹ̀. Ọkọ mi ti di olóògbé. Kabusa ni èmi àti ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìlọrin, ni ìsọ̀ rẹ̀ kan tèmi. A jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ọdún kan náà la sì dé ọjà náà. Jahi ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣọ́ ilé ńlá kan. Kò sí ògiri láàárín ìsọ̀ wa, àpò ẹ̀wà la tò síbẹ̀. Tí mo bá lọ kírun, òun ló ń bá mi tajà, tí òun náà bá lọ, èmi ni. A ti jà rí o, a tiẹ̀ ti jà débi tí a kò kí ara wa fún odidi oṣù kan. Ṣùgbọ́n lóṣù náà pàápàá, ó ń bá mi tajà tí mo bá lọ kírun.

Ẹni tó bá ti ta ẹ̀wà rí mọ ohun tí kòkòrò lè ṣe. O máa kó ẹ̀wà wọlé lónìí, kò ní àbùkù kankan. Tó bá fi máa di oṣù kejì, ihò ti wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹ̀fun ti ń dà sílẹ̀ nídìí àpò. Nítorí náà, gbogbo wa la ń lo ọ̀tápíápíá. Ẹ má jẹ́ kí elẹ́wà kankan parọ́ fún yín. Ọkùnrin tó ń tà á máa ń gba ìlà wa kọjá ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́rùn rẹ̀, ohùn tó ti gbà sínú rẹ̀ á máa pariwo pé eku kú, aáyán kú, ìdun kú, kòkòrò inú ẹ̀wà kú. Kò sọ ti èèyàn. Inú ike omi tí àwọn èèyàn ti mu tán ló ń rọ ọ́ sí. Kò sí ìwé lára ike náà, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àfi òun àti Ọlọ́run.

A ó da díẹ̀ sínú omi, a ó fi ọwọ́ wọ́n ọn sórí ẹ̀wà tí a tẹ́ sílẹ̀, a ó fi ọwọ́ náà rò ó pọ̀, a ó sá a díẹ̀. Lẹ́yìn èyí la ó wá ṣe ohun tí ẹni tí kì í ṣe elẹ́wà kò lè mọ̀. Ẹ̀wà tí omi bá kù lára rẹ̀ yóò bu nínú àpò, nítorí náà a gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. A ó mú ẹyọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ìdí òkìtì, a ó jù ú sẹ́nu, a ó fi eyín gé e. Tó bá dún kà, ó ti gbẹ. Tó bá rọ̀ lẹ́nu, a ó tún sá a. Lẹ́yìn náà a ó tu ú dànù. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe kọ́ mi, wọ́n sì ní ẹni tí kò bá ti gbé e mì, kò ní nǹkan kan ṣe é. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí a ní lórí ọ̀rọ̀ náà kò ju pé a tu ú dànù lọ.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ń rọ̀. Àpò mọ́kànlá ẹ̀wà olóyin ni mo fẹ́ tọ́jú. Ọkùnrin elẹ́rọ gbohùngbohùn ti sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn pé ti tẹ́lẹ̀ kò pa kòkòrò mọ́, pé tuntun tí òun gbé dé yìí ló le. Mo da á pọ̀ ju bí mo ṣe máa ń dà á lọ, mo sì ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ nítorí òjò. Ẹ̀wà kò yára gbẹ nínú òtútù yẹn. Mo gé e, ó rọ̀. Mo dúró díẹ̀, mo tún gé e, ó ṣì rọ̀. Mi ò lè sọ iye ìgbà tí mo gé e lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni pé itọ́ ń dà lẹ́nu mi, mi ò sì lè dá a dúró. Òógùn bò mí. Ojú mi ṣókùnkùn bí ẹni pé wọ́n pa iná. Mo bì, mo sì ṣe èyí tí àgbàlagbà kì í fẹ́ sọ sí ara mi. Ọ̀rẹ́ mi kò gbọ́ ohùn mi mọ́, ló bá ti ilẹ̀kùn wọlé. Mo ṣì ń gbọ́ ọ tó ń pariwo sí àwọn alábàárù, "Kai! Kai! Ẹ wá bá mi gbé e!" Òun ló bọ́ bùbá àti ìró kúrò lára mi nínú ìsọ̀ yẹn, tó da omi àlùwàlá rẹ̀ lé mi lórí, tó wẹ̀ mí bí ẹni ń wẹ ọmọ, tó sì fi ìró tirẹ̀ wé mi kí wọ́n tó gbé mi sínú ọkọ̀. Aṣọ mi tó ti rin fún ọ̀tápíápíá, ó dì í sínú ọ̀rá, ó jù ú sínú ọkọ̀ akólẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn sọ ọ́ létí mi pé bí kò bá bọ́ aṣọ yẹn, ǹ bá ti kú. Ẹ rántí pé mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò níbẹ̀, abẹ́rẹ́ lórí abẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n ní, "Màmá, ara yín ti yá. Ẹ máa lọ sinmi nílé." Wọ́n kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún mi, wọ́n sì kí mi kú oríire. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí tí ẹnu fi ń ro mí. Lónìí, inú ń bí mi sí wọn, mi ò ní fi bò. Gbólóhùn kan péré ni mò ń wá lẹ́nu wọn: bí ẹsẹ̀ bá ń ro yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà wá. Wọn ì bá sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń yọ abẹ́rẹ́ lápá mi. Kò ní gbà wọ́n ní àsìkò, wọn kò sì sọ ọ́.

Mo ṣe sàráà, mo padà sọ́jà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹran ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, bí ẹni pé ẹnìkan ń fún un bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Lẹ́yìn náà ló kan àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń ta mí bí ìgbà tí ìjàlọ bá wọ ẹsẹ̀ èèyàn. Lọ́jọ́ kan mo jáde nílé, mo ti dé ẹnu géètì kí ọmọ mi tó pè mí.

"Mọ́mì, sílípáàsì yín kan ti bọ́ sí inú pálọ̀ o!"

Mi ò mọ̀ pé ó ti bọ́. Mo wo ẹsẹ̀ mi lórí kọnkéré, mo rí i pé kò sí bàtà níbẹ̀, síbẹ̀ mi ò mọ̀ ọ́n lára. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, iwájú ẹsẹ̀ mi kò gbé mọ́. Mo ní láti máa gbé orúnkún sókè bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ náà á wá balẹ̀ pà. Tí mo bá da omi àlùwàlá sí i, ojú mi ló ń sọ fún mi pé omi ti kàn án. Mo forí kanlẹ̀ lórí ìrun lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mi ò lè dìde mọ́, àfi ìgbà tí ọmọ mi wá fà mí sókè. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbà náà ni àwọn ará ọjà dé. Ìyá ẹgbẹ́ wa ló ṣáájú wọn, àwọn méjì sì tẹ̀ lé wọn, ọsàn àti búrẹ́dì lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n rìn kí àwọn rí i. Mo rìn. Wọ́n wo ara wọn.

"Ó tẹ nǹkan ni," Ìyá ẹgbẹ́ wí.

Mo ní ọ̀tápíápíá kọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ti ọ̀tápíápíá ti tán, ṣé ilé ìwòsàn kọ́ ló ní ara mi ti yá? Ta ló ń jẹ májèlé lónìí tó ń rọ lẹ́sẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀? Ohun tó mú mi lẹ́sẹ̀ yìí, ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Gbólóhùn tí àwọn nọ́ọ̀sì kò sọ ni wọ́n fi dá mi lẹ́jọ́. Èkejì nínú wọn wá fà sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Lójú ta lo ṣubú? Ta ló bọ́ aṣọ lára rẹ? Aṣọ yẹn dà?"

Mo ní ó ti dà á nù.

"Ta ló bá a débẹ̀?"

Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọn kò ní láti dárúkọ. Wọ́n jẹ nínú ọsàn tí wọ́n gbé wá, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n lọ.

Mo lè sọ pé mi ò gbà wọ́n gbọ́. Irọ́ ni màá pa. Mo gbà wọ́n gbọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èmi tí mo mọ ẹni tó wẹ̀ mí, èmi tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, mo dùbúlẹ̀ mo ń ka gbogbo ìjà tí a ti jà rí, mo ń wá ibi tí ọ̀tá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi gbé oúnjẹ wá ní ọjọ́ kẹrin. Mo dojú kọ ògiri, mo ṣe bí ẹni tó sùn. Ó jókòó tì mí fún ìgbà pípẹ́. Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀. Nígbà tó lọ, mo ní kí ọmọ mi da oúnjẹ náà nù. Ọmọ mi wò mí, ó gbé abọ́ náà lọ sí kíṣìnnì, ó jẹ ẹ́ tán. Mo ń retí kí ó ṣubú. Ó fọ abọ́, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó lọ síbi iṣẹ́.

Àbújá níbí la bí ọmọ náà sí. Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti pe ọkọ̀ sílẹ̀ kí n tó jí.

"Mọ́mì, ọ̀rọ̀ juju yìí ti tó, please. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà míì."

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ọmọ Háúsá ni. Ó kí mi ní "Sànnu, Màmá," ó fi òòlù kékeré kan lu orúnkún mi, ó gún mi lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ẹnu abẹ́rẹ́. Mi ò mọ ibi tó gún títí ó fi dé ojúgun. Ó wá béèrè bóyá májèlé kòkòrò ti mú mi rí láàárín oṣù méjì sẹ́yìn. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un. Mo wo ọmọ mi, ọmọ mi náà wò mí.

Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni irú májèlé bẹ́ẹ̀ lè jà. Èyí tó kọ́kọ́ jà kì í ju wákàtí díẹ̀ kó tó hàn, òun ni wọ́n tọ́jú. Èkejì á fara pa mọ́ sínú àwọn iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Àwọn tó gùn jù ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́, ìdí nìyí tó fi jẹ́ ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara èèyàn á yá, á máa dúpẹ́, iṣan á máa kú lábẹ́ rẹ̀. Kò sí oògùn tó lè dá a padà. Kí n máa ṣe eré ìdárayá tí wọ́n bá kọ́ mi, díẹ̀ yóò padà, ó lè má padà tán. Mo béèrè pé bí wọ́n bá ti sọ fún mi níjọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ ńkọ́? Ó ní kò ní kí ó má ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì bá yà mí lẹ́nu. Ó wá béèrè pé ta ló tún ń lo nǹkan náà. Mo ní gbogbo ìlà wa. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, igi lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ mi lápá òsì. Ìsọ̀ ọ̀rẹ́ mi ti ṣófo. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lé e, ojú ló tì í tó fi lọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: kò sẹ́ni tó máa kí ọ, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ́ owó fún ọ, oníbàárà bá ń bọ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ sí i létí. Mo dúró láàárín wọn, mo sọ gbogbo ohun tí dókítà sọ. Mo sọ ti ẹ̀wà tí à ń fi eyín gé. Mo ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ mi kí wọ́n kọ́gbọ́n.

"Rẹ ohùn rẹ sílẹ̀," Ìyá ẹgbẹ́ wí. "Àwọn oníbàárà ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́!"

"Kí wọ́n gbọ́ kí wọ́n ṣe kí ni? Tí a bá ní ọ̀tápíápíá ni, ta ló máa ra ẹ̀wà lọ́wọ́ wa? Ẹni kan ṣoṣo ló lọ yẹn. Ṣé kí gbogbo wa wá kó ẹrù ni?"

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Mo ti rò pé àìmọ̀kan ló ń da wọ́n láàmú, mo gbé ìmọ̀ wá bá wọn lórí ẹsẹ̀ méjì tí kò gbé mi. Wọ́n mọ̀. Bóyá wọn kò mọ̀ ọ́n bí dókítà ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ tó láti yan èyí tí yóò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Tiwa wà lọ́jà, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn wọ́ ọ. Mo sọ ìyẹn sí wọn lójú. Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ ni oníbàárà kan ti dúró ní ìsọ̀ kejì tó ń béèrè bóyá ẹ̀wà gbẹ. Elẹ́wà náà ju ẹyọ mẹ́ta sẹ́nu níṣojú mi, ó gé e, kà, ó tu ú sílẹ̀. "Ó gbẹ dáadáa, Màmá," ó wí.

Alábàárù kan ló sọ fún mi pé Kwali ni ọ̀rẹ́ mi wà, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Mo rò pé ó kàn lọ sinmi fún ariwo ọjà ni. Èmi àti ọmọ mi wọ bọ́ọ̀sì, a gun ọ̀kadà láti ibi tí bọ́ọ̀sì já wa sí. Ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ kúrò lórí irin tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé, ọlọ́kadà ń dúró, ó ń fi ọwọ́ gbé e padà síbẹ̀, kò sì ráhùn.

Ọ̀rẹ́ mi jókòó lórí ẹní lẹ́yìn ilé, ó ń pa ẹ̀pà. Ó rí bí mo ṣe ń rìn, ó gbé ojú sílẹ̀. Mo jókòó tì í, tàbí kí n ní mo jábọ́ tì í. Mo sọ ti dókítà fún un. Mo sọ ti ìpàdé. Ó ń pa ẹ̀pà rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dákẹ́, ó béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà gbà á gbọ́?"

Ọmọ mi wò mí. Irọ́ wà lẹ́nu mi, ó tiẹ̀ dùn ún sọ.

"Mo gbà á gbọ́," mo wí. "Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ tó o gbé oúnjẹ wá, mi ò sùn."

"Mo mọ̀ pé o ò sùn."

Ó pa ẹ̀pà méjì sí i.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án kéré," ó wí. "Bàbá àwọn ọmọ mi ṣì gbà á gbọ́ dòní. Àwọn ará ọjà lọ bá a ní Jahi, wọ́n ní mo fi aṣọ rẹ ṣe oògùn. Òun ló kó ẹrù mi síta. Ó ní òun ò lè sùn ti àjẹ́."

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fi jọ gbé. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ara mi. Mo fẹ́ dìde kí n lọ bá ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀, kí n bọ́ bàtà síwájú rẹ̀, kí n ní kó wò ó. Mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀. Ẹsẹ̀ kò gbà. Mo tún gbìyànjú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé inú ẹ̀pà. Ọmọ mi ń bọ̀ wá dì mí mú, ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́ sí i pé kó dúró. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń jìjàkadì nílẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó ń rò, kò sí ẹnu tí mo lè fi béèrè. Lẹ́yìn náà ló gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ìró rẹ̀, ó wá sẹ́yìn mi, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lábẹ́ abíyá, ó sì gbé mi dìde.

"Ọ̀la ni ká lọ bá a ní Jahi," ó wí. "Ìwọ lo máa sọ gbogbo rẹ̀. Mi ò ní la ẹnu mi."